Ìwé Tó Wà Lọ́wọ́ Ìjọba Ni Ìjọba Ní Ká Lọ Mú Wá

Mo ti ń fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, inú ló ń bí mi jù, mo sì mọ̀ pé téèyàn bá fi ìbínú kọ̀wé, èébú ló máa pọ̀ níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ara mi ti wálẹ̀ díẹ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni, ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò bàbá mi gan-an, àti ti ọ́fíìsì méjì tó wà nínú ilé kan ṣoṣo tí wọn ò mọ nǹkan kan nípa ara wọn.

Káfíńtà ni bàbá mi. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ìjọba, àwọn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló ń kan àga, tábìlì, ilẹ̀kùn àti pẹpẹ fáìlì tí wọ́n ń kó lọ sáwọn ọ́fíìsì káàkiri. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, pẹ́ńṣàn ni wọ́n ń gbà lóṣooṣù. Lọ́dọọdún ni ìjọba máa ń pe àwọn tó ti fẹ̀yìn tì pé kí wọ́n wá fojú hàn, kí wọ́n wá tẹ̀ka, kó lè dájú pé wọ́n ṣì wà láyé. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn o. Owó ìlú ni, kò sì dáa kí ẹni tó ti kú ṣì máa gbowó, kí ẹlòmíì máa lọ kó o lábẹ́lẹ̀. Ibi tọ́rọ̀ ti di wàhálà ni pé àtàǹpàkò bàbá mi ò nílà mọ́.

Ayùn, òòlù, rándà àti sáńdípépà ti jẹ gbogbo ilà yẹn tán. Tẹ́ ẹ bá bọ bàbá mi lọ́wọ́, ńṣe ló dà bíi pákó tí wọ́n ti fá dáadáa, ó le, ó sì ń dán. Lọ́jọ́ tí mo sìn wọ́n lọ yẹn, ó ti tó wákàtí mẹ́ta tá a ti wà lórí ìlà kó tó kàn wá. Arábìnrin kan ló jókòó sídìí káńtà, ọmọlúàbí èèyàn, ó kí bàbá mi dáadáa, ó wá ní kí wọ́n fi àtàǹpàkò ọ̀tún lé gíláàsì ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tan iná pupa. Wọ́n fi lé e. Ẹ̀rọ yẹn dún píìn, ó kọ̀. Ó ní kí wọ́n fi tòsì lé e. Ó tún kọ̀. Arábìnrin yẹn fa hánkáṣíìfù ara ẹ̀ yọ, ó nu ìka bàbá mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà téèyàn ń nu ọmọ lọ́wọ́, ó ní "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa sà." Bàbá mi tẹ̀ ẹ́ débi pé èékánná wọn funfun. Píìn. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá la gbìyànjú. Ní ti ìka kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá yẹn ni mo gbọ́ tí bàbá mi rọra ní "Ẹ má bínú o." Bóyá arábìnrin yẹn ni wọ́n ń bẹ̀, bóyá ẹ̀rọ yẹn ni, mi ò lè sọ, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ò kúrò létí mi dòní.

Kò sí nǹkan tí arábìnrin yẹn lè ṣe sí i. Kọ̀ǹpútà ò ní jẹ́ kó lọ sójú ewé tó kàn tí ìka ò bá wọlé, wọn ò sì fún un ní ọ̀nà míì. Ó ní ká lọ sókè, ní yàrá fáìlì, kí wọ́n fún wa ní lẹ́tà pé bàbá mi ni bàbá mi. A gòkè. Àwọn tòkè ní àwọn ò lè kọ lẹ́tà láìjẹ́ pé àwọn tìsàlẹ̀ kọ̀wé wá pé ìka ò wọlé. A sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tìsàlẹ̀ ní ọ̀gá ló ń fọwọ́ sírú ìwé bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ò sì sí lórí síìtì, ká padà wá lọ́la. A padà lọ́la, a rí ọ̀gá, wọ́n fọwọ́ sí i, a tún gòkè pẹ̀lú ìwé wa lọ́wọ́, ni ọkùnrin tó wà lókè bá yẹ̀ ẹ́ wò tó ní ó kù kan, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ bàbá, èyí tí ìjọba fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ikán ti jẹ tiwa tipẹ́. Mo ní ṣé kò ní sí ẹ̀dà ẹ̀ nínú fáìlì wọn ni? Ọkùnrin yẹn ní ó máa wà níbẹ̀ dájúdájú, àmọ́ tọwọ́ ẹni tó ń béèrè làwọn máa ń gbà, bó ṣe wà nínú ìlànà nìyẹn. Fáìlì bàbá mi wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn ẹ̀. Mo ń rí orúkọ wọn lára ẹ̀ kedere láti ibi tí mo dúró sí. Bá a ṣe ń jáde ni bàbá mi wo ẹ̀yìn, wọ́n ní àwọn làwọn kan pẹpẹ yẹn, àwọn mọ bí àwọn ṣe so igun ẹ̀.

Ọjọ́ kẹta la tó bọ́ nínú ẹ̀, màá sọ bó ṣe jẹ́ tó bá yá.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì yẹn mi ò rí oorun sùn, mo wá ń rò ó pé kí gan-an la ti ń ṣe látàná. Iṣẹ́ wo la ṣe? Ṣé ìwádìí la ṣe ni? Rárá. Ṣé ẹ̀rí tuntun kan la mú wá tí ìjọba ò ní tẹ́lẹ̀? Rárá o. Gbogbo nǹkan tí wọ́n ní ká mú wá, ọwọ́ ìjọba ló ti wá, ọwọ́ ìjọba ló sì wà, èmi pẹ̀lú arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin la wá ń gbé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè àti láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ wa ni wáyà tó so ọ́fíìsì méjèèjì pọ̀. Látìgbà yẹn ni mo ti ń wo gbogbo wàhálà tí aráàlú ń ṣe pẹ̀lú ìjọba lójú yẹn, ó sì yà mí lẹ́nu bó ṣe jẹ́ pé ibi gbogbo lọ̀rọ̀ ti rí bẹ́ẹ̀. O fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù, wọ́n ní kó o lọ mú ìwé ẹ̀rí ìbí wá, ta ló kọ ìwé ẹ̀rí ìbí? O fẹ́ forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kó o mú ẹ̀rí pé o ti san owó orí wá, ta lo san owó orí fún? Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka bí àwọn ibòmíì ṣe ń ṣe é, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni mò ń béèrè ohun tí kò ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe o. Orílẹ̀-èdè kékeré kan wà tó ń jẹ́ Estonia, àwọn èèyàn ibẹ̀ ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.3 lọ, ọdún 1991 ni wọ́n gba òmìnira wọn padà kúrò lábẹ́ Soviet, owó ọwọ́ wọn ò sì pọ̀. Lọ́dún 2001 wọ́n gbé nǹkan kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní X-Road. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ibì kan ńlá ni wọ́n kó gbogbo ìsọfúnni aráàlú jọ sí, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú tiẹ̀ sọ́dọ̀ ara ẹ̀, X-Road wá jẹ́ ọ̀nà tó lọ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí ìkejì, tí ọ́fíìsì kan bá nílò nǹkan tó wà lọ́wọ́ ìkejì, á béèrè gba ojú ọ̀nà yẹn, wọ́n á wò ó bóyá ó láṣẹ láti béèrè, wọ́n á fún un, gbogbo ẹ̀ á sì wà lákọsílẹ̀. Òfin wọn ò tiẹ̀ gbà kí ọ́fíìsì ìjọba méjì máa dá dátábéèsì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìsọfúnni kan náà. Èyí tó wọ̀ mí lára jù níbẹ̀ ni pé aráàlú fúnra ẹ̀ lè wọlé lọ wò ó pé ọ́fíìsì wo ló yẹ ìwé òun wò àti ìgbà wo. Ẹ ò rí i pé ìyẹn ti yí nǹkan padà, ìjọba ló wá ń jíhìn fún aráàlú pé ìdí báyìí la fi ṣí fáìlì ẹ.

Àwọn kan á ní ó rọrùn fún wọn torí wọn ò pọ̀. Mo gbà, àmọ́ kì í ṣe pé a pọ̀ ló ní kí ọkùnrin tó wà lókè má yíjú sẹ́yìn mú fáìlì.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ pé kí arúgbó wá fi hàn pé òun ò tíì kú. Mo ti rò ó títí. Ta ló kọ́kọ́ ń mọ̀ pé èèyàn kú? Níbi tí wọ́n bá ti ń forúkọ òkú sílẹ̀ dáadáa, ìjọba fúnra ẹ̀ ló ń kọ ọ́ sínú ìwé. Tí ọ́fíìsì tó ń kọ orúkọ òkú bá ń bá ọ́fíìsì pẹ́ńṣàn sọ̀rọ̀, kí ló dé tí ẹni tó wà láyé á ṣe máa rìn lọ jẹ́rìí ara ẹ̀? Ní Ìlú Ọba wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Tell Us Once, tó túmọ̀ sí pé kó o sọ fún wa lẹ́ẹ̀kan péré. Tí èèyàn ẹni bá kú, tí wọ́n lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fún wọn ní nọ́ńbà kan, ìgbà kan náà tí wọ́n bá sọ ọ́ yẹn ló máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba owó orí, àwọn tó ń san pẹ́ńṣàn, àwọn pásípọ́ọ̀tù, àwọn láísẹ́ǹsì ọkọ̀, títí kan ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ni wọ́n rò níbẹ̀. Ẹni tí ìyá ẹ̀ kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó wá ní láti tún un sọ fún akọ̀wé mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pé "màámi ti kú", ìgbà mẹ́fà ló máa ń sin ìyá ẹ̀.

Ní Ìndíà náà wọ́n ní ìṣòro tiwa yìí gẹ́lẹ́. Àwọn ni wọ́n ní Aadhaar, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oní-figọ̀ 12 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn lọ́dún 2010, àwọn tó ti gbà á ti lé ní bílíọ̀nù 1.3. Ìka ni wọ́n ń lò jù níbẹ̀rẹ̀ láti fi dá èèyàn mọ̀, kò sì pẹ́ tó fi hàn pé àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́, àwọn àgbẹ̀, àwọn tó ń ru bíríkì, àtàwọn arúgbó, ìka wọn kì í wọlé. Àwọn tó nílò ìrànwọ́ ìjọba jù lọ ni ẹ̀rọ ò dá mọ̀. Ó wá di pé wọ́n ń lo ojú, wọ́n ń lo ẹyinjú, wọ́n ń fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù. Lọ́dún 2014 wọ́n tún gbé Jeevan Pramaan kalẹ̀, torí àwọn tó ń gba pẹ́ńṣàn nìkan ni, kí wọ́n lè fi hàn pé wọ́n wà láyé láìjẹ́ pé wọ́n gbé ara wọn lọ sí ọ́fíìsì tó ń sanwó. Nígbà tí mo kà á, ńṣe ni mo gbé fóònù sílẹ̀ tí mo lọ wo bàbá mi níbi tí wọ́n sùn sí lórí àga. Ojú wọn wà níbẹ̀, ojú tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì yẹn ì bá ti wo fọ́tò tó wà lára fáìlì, kó wo ojú wọn, kó parí.

Àmọ́ ẹ má rò pé mò ń sọ pé ká kó gbogbo nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì ká wá lọ sùn. Rárá o, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìjọba ti ń ṣìnà. Wọ́n á ṣe wẹ́búsáìtì, wọ́n á pe oníròyìn, wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù, ó parí nìyẹn, wọ́n á wá ti káńtà pa. Nínú ìṣirò tí ITU, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Ayé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, gbé jáde lọ́dún 2024, nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.6 èèyàn láyé yìí ni kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Màámi ní fóònù, àmọ́ tí kóòdù bá wọlé báyìí tí wọ́n ní ó kù ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí wọ́n tó wá ìgò ojú wọn, ó ti kú. Ẹnì kan máa fẹ́ fi fóònù ṣe é lóru lẹ́yìn iṣẹ́, ẹlòmíì ń fẹ́ èèyàn tó máa jókòó níwájú òun kó bá òun sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, ọ̀nà méjèèjì ló yẹ kó wà, kí wọ́n sì bá ara wọn mu, kó má jẹ́ pé ohun tó o bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, tó o bá dé káńtà wọ́n á ní kó o tún un bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú jù ni ti àwọn tó kó gbogbo ọ́fíìsì sábẹ́ òrùlé kan. Bràsílì ti ń ṣe é látọdún 1995 ní ìpínlẹ̀ Bahia, íntánẹ́ẹ̀tì ò sì tíì wọ́pọ̀ nígbà yẹn o. Nígbà tó di 1997, São Paulo ṣe tiwọn, wọ́n pè é ní Poupatempo, ìyẹn ni pé ó ń bá èèyàn dín àkókò kù. Pọ́túgà ṣí tiwọn nílùú Lisbon lọ́dún 1999. Kẹ́ńyà náà bẹ̀rẹ̀ Huduma ní Nairobi ní 2013. O wọlé, wọ́n fún ẹ ní nọ́ńbà, o jókòó, kàádì ìdánimọ̀ lápá ọ̀tún, ìwé ẹ̀rí ìbí lápá òsì, ohun tó bá kù, òṣìṣẹ́ kan ló máa rìn lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ kejì. Kò ju ìyẹn lọ náà. Kò sí ọgbọ́n àràmàǹdà kan níbẹ̀, ńṣe ni wọ́n gba ìrìn náà kúrò lẹ́sẹ̀ aráàlú.

Mo tún ní ẹjọ́ kan lórí fọ́ọ̀mù. Èyí tí wọ́n ní ká kọ lọ́jọ́ kejì yẹn, ojú ewé àkọ́kọ́ béèrè ọjọ́ ìbí bàbá mi, ojú ewé kejì béèrè ọjọ́ orí wọn, ojú ewé kẹta ní ká kọ ọdún tí wọ́n pé ọgọ́ta, ojú ewé kẹrin wá ní ká fi ìwé ẹ̀rí ọjọ́ orí há a. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè nígbà mẹ́rin! Tó o bá sì ṣèṣì ṣe ìṣirò ọ̀kan, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ẹ ò bára mu, wọ́n á dá ìwé ẹ padà. Àti èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, mo kàwé dé ìwọ̀n tèmi, gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ni mo máa dáhùn àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ṣòfin lọ́dún 2010 pé kí àwọn ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ máa kọ̀wé sí aráàlú lédè tó yé èèyàn. Ní Ìlú Ọba, lọ́dún 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn wẹ́búsáìtì ìjọba wọn tó fọ́n ká jọ sójú kan, GOV.UK, ohun tí mo sì fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé o ò ní láti mọ orúkọ ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ kó o tó rí i. Kí ló kan aráàlú nípa orúkọ ọ́fíìsì? Ọmọ ni mo bí, mo fẹ́ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tèmi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Amẹ́ríkà yìí kan náà, lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2013, wọ́n ṣí healthcare.gov fún àwọn tó fẹ́ ra ìbánigbófò ìlera, gbogbo ayé ló rọ́ lọ síbẹ̀, èèyàn 6 péré ló rí i forúkọ sílẹ̀ tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Mẹ́fà! Ìdí tó fà á pọ̀, àmọ́ ọ̀kan tí mi ò lè gbàgbé nínú ẹ̀ ni pé wọ́n ní kí èèyàn kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì, kó kọ gbogbo nǹkan nípa ara ẹ̀, kí wọ́n tó jẹ́ kó wo iye tí ọjà jẹ́. Gbogbo èrò wá há sẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ṣé ẹ rí i, orílẹ̀-èdè tó lówó tó yẹn, pẹ̀lú gbogbo àwọn ọ̀jáfáfá kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ò ju pé wọn ò fi ara wọn sípò ẹni tó ń bọ̀ wá forúkọ sílẹ̀.

Nǹkan míì tún ni dídákẹ́. Ẹ kọ̀wé sí ìjọba, wọ́n gbà á, wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e, ó parí, ẹ ò tún gbúròó mọ́. Oṣù kan, oṣù mẹ́ta. Ẹ lọ béèrè, wọ́n ní ó ti wà lórí tábìlì, ẹ máa ní sùúrù. Ilẹ̀ Faransé ṣe nǹkan kan sí èyí tó jọ mí lójú. Òfin wọn látọdún 2014 ni pé, fún ọ̀pọ̀ nǹkan téèyàn lè béèrè lọ́wọ́ ìjọba, tí oṣù méjì bá kọjá tí ìjọba ò fèsì, wọ́n ti gbà nìyẹn. Kì í ṣe fún gbogbo nǹkan o, àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀ pọ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹ wo bí ẹrù ṣe kúrò lórí ẹnì kan bọ́ sórí ẹlòmíì. Tẹ́lẹ̀, tí akọ̀wé bá sùn, aráàlú ló ń jìyà. Ní báyìí, tí akọ̀wé bá sùn, aráàlú ti rí ohun tó ń fẹ́ gbà.

Àwọn kan tiẹ̀ ti lọ jìnnà ju ìyẹn lọ, wọn ò dúró kí èèyàn wá béèrè rárá. Ní Austria, látọdún 2015, tí wọ́n bá bí ọmọ níbẹ̀, tí ìwé sì pé, owó ìtọ́jú ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún òbí láìkọ fọ́ọ̀mù kankan, torí ìjọba ti mọ̀ pé wọ́n bímọ, àwọn ló kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Estonia náà bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní 2019. Mo rò ó wò, ìyá ọmọ tuntun tí oorun ti fẹ́ pa, tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tí ìjọba wá kọ̀wé sí i pé ẹ kú ewu ọmọ, owó yín rèé. Inú mi dùn sí i gan-an ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ó ní ibi tó ń bà mí lẹ́rù ṣá, mi ò sì ní fi pa mọ́. Tí àwọn ọ́fíìsì bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n lè para pọ̀ ran èèyàn lọ́wọ́, wọ́n sì lè para pọ̀ ni èèyàn lára. Ní Ọsirélíà, láti nǹkan bíi 2015 títí di 2019, ìjọba ní kí kọ̀ǹpútà máa wá àwọn tó gba owó ìrànwọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí kọ̀ǹpútà yẹn ń ṣe ni pé ó mú gbogbo owó tí èèyàn pa láàárín ọdún, ó pín in dọ́gba sí ọ̀sẹ̀ méjì méjì, bíi pé iye kan náà ló ń wọlé ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó wá ríṣẹ́ ṣe fún oṣù mẹ́ta péré, tó sì jókòó sílé fún oṣù mẹ́sàn-án ńkọ́? Kọ̀ǹpútà á ní ó ríṣẹ́ ṣe lóṣù tí kò ríṣẹ́, á ní ó jẹ gbèsè, lẹ́tà á sì lọ bá a nílé pé kó lọ wá páyísílíìpù ọdún àná, ọdún ìjẹta, láti fi hàn pé òun ò jẹ wọ́n. Àwọn tí wọ́n fìyẹn dà láàmú lé ní 400,000. Ní 2019 ni ilé ẹjọ́ sọ pé kò bófin mu, ìgbìmọ̀ ìwádìí sì tú gbogbo àṣírí ẹ̀ síta ní 2023. Ẹ̀yin ẹ wò ó, ó tún padà sórí nǹkan kan náà tí wọ́n ṣe fún bàbá mi, ìjọba ló ní ìwé, ìjọba ló ní kọ̀ǹpútà, aráàlú ni wọ́n wá ní kó lọ mú ẹ̀rí wá. Torí ẹ̀ ni mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́, ọ̀rọ̀ ta ló ń ru ẹrù ni. Kí wọ́n kọ́kọ́ yanjú ìyẹn, ẹ̀rọ tí wọ́n bá wá gbé síbẹ̀ lẹ́yìn náà á ṣiṣẹ́ tó dáa.

Èèyàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ náà, èèyàn tó láṣẹ láti sọ pé "ẹ̀rọ kọ̀ ọ́ o, àmọ́ mo rí i, mo mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ó kọjá." Èyí gan-an ló jẹ mí lógún jù nínú gbogbo ẹ̀. A máa ń bú àwọn tó wà lórí káńtà, èmi náà ti bú wọn rí, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ni ọwọ́ wọn wà ní dídè. Wọ́n ń rí arúgbó níwájú wọn, wọ́n mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, tí wọ́n bá sì ṣe é, ìwé ìbáwí ni wọ́n máa fún wọn. Níbi tí ọ̀nà bá sì ti dí báyẹn làwọn tó ń bá èèyàn "sáré" ti máa ń yọjú, àwọn tó dúró sẹ́nu géètì tí wọ́n á ní ká mówó wá, àwọn á bá wa ṣe é kíá. Bí ibùdókọ̀ tí ìwé gbọ́dọ̀ gbà kọjá bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń gbowó lójú ọ̀nà ṣe máa pọ̀ tó.

Ó ku bá a ṣe bọ́ nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, arábìnrin yẹn rí wa lórí ìlà, ó ní "Bàbá, wọn ò tíì dá yín lóhùn ni?" Mo ṣàlàyé fún un. Kò fèsì, ó gba ìwé ọwọ́ mi, ó fi páálí kékeré kan sójú káńtà pé òun ń bọ̀, ó gòkè. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú méje ló lò. Nígbà tó ń bọ̀, fáìlì bàbá mi ló gbé lábíyá, tòun ti lẹ́tà tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí. Ó ṣí i, ó wo fọ́tò bàbá mi nígbà tí irun wọn ṣì dúdú, ó wo ojú wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Ẹ̀yin náà ni sà." Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ títí ó fi sú àwọn tó wà lẹ́yìn wa.

Ká tó kúrò ó kọ ọjọ́ tí wọ́n tún máa fojú hàn lọ́dún tó ń bọ̀ fún wọn, torí ohun tó ṣe yẹn, ti ọdún yìí nìkan ló kà sí, tó bá di ọdún tó ń bọ̀ ẹ̀rọ yẹn náà ni. Bàbá mi gbé ìwé náà sínú Bíbélì wọn. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo ti ń rí i pé tó bá di alẹ́, kí wọ́n tó sùn, wọ́n máa ń fi ìpara ra àtàǹpàkò wọn méjèèjì, wọ́n á rọra máa fi ìka yòókù ra á, wọ́n á gbé e síbi iná, wọ́n á wò ó. Mo bi wọ́n pé kí lẹ̀ ń ṣe un. Wọ́n ní ẹnì kan ló sọ fáwọn pé ilà ìka máa ń padà hù.